Alágbàṣe Tí Kò Gba Kọ́bọ̀ Ni Ẹ Ń Pa Yẹn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ìwòyí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Mo ń bá ẹni tó ń ti iná bọ oko lọ́dọọdún wí. Mo ń bá ẹni tó gbé táǹkì kẹ́míkà kọ́ ẹ̀yìn wí, tó ń fín in títí ilẹ̀ yóò fi wà ní ìhòòhò láti ààlà dé ààlà. Mo sì ń bá ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston wí, tó ń fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nílé pé kó bá òun fọ oko mọ́, tó sì ń retí fọ́tò ilẹ̀ tí kò ní ewé kan ṣoṣo lórí. Inú yín máa ń dùn tí fọ́tò yẹn bá dé. Ẹ máa ń fi í han ọ̀rẹ́. Ilẹ̀ tí ebi ń pa ni ẹ ń fi hàn wọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa wí. N kò ní torí ìyẹn dákẹ́, nítorí ilẹ̀ tí ẹ ń bà jẹ́ yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Bàbá yín ló fi lé yín lọ́wọ́, ọmọ yín ló sì kàn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí abẹ́ igi kòkó kan tí iná àti kẹ́míkà kò tíì kàn fún ọdún mélòó kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ ṣí ewé tó wà lókè pátápátá, èyí tó gbẹ tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ewé ti tútù, tó ti rọ̀, tí èébu funfun tín-ín-rín ń rìn lára rẹ̀ láti ewé kan bọ́ sí èkejì. Ẹ tún ṣí ìyẹn. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ewé tí ara rẹ̀ ti tán pátápátá, tó jẹ́ pé iṣan rẹ̀ nìkan ló kù, ẹ sì lè wo ọ̀ọ́kán láti inú rẹ̀. Abẹ́ ìyẹn ni ilẹ̀ dúdú wà, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ta ló jẹ ara ewé yẹn tán? Òjò kọ́, oòrùn kọ́. Ekòló wà níbẹ̀, ikán wà níbẹ̀, ọ̀kùn wà níbẹ̀, àwọn yẹn lẹ mọ̀. Àwọn tí ẹ kò mọ̀ ni mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Wọ́n kéré débi pé ọ̀pọ̀ wọn kò gùn tó mìlímítà kan. Ìbátan eégbọn ara ajá ni wọ́n, ẹsẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ní, gẹ́gẹ́ bí aláǹtakùn àti àkekèé ṣe ní, ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń wí yìí kì í mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Eégbọn ilẹ̀ ni n ó máa pè wọ́n. Nínú igbó àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù, níbi tí àwọn onímọ̀ ti kà wọ́n jù, ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lè ní ju 100,000 wọn lọ. Àwọn onímọ̀ ti rí irú wọn nínú òkúta kan ní abúlé Rhynie ní Scotland, òkúta tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún. Wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí igi tó mọ òdòdó yọ. Ẹ̀yin wá dé lánàá, ẹ ń lé wọn kúrò nílé wọn.

Iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà. Àwọn kan wà tí ẹ̀yìn wọn le gbagidi, tí wọ́n ń rọra rìn, tí èébu àti ewé jíjẹrà jẹ́ oúnjẹ wọn. Wọ́n ń gé ewé wẹ́wẹ́, ìgbẹ́ tí wọ́n bá yà ni àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò jẹ, ibẹ̀ ni oúnjẹ igi ti ń jáde padà sínú ilẹ̀. Wọ́n ń gbé irúgbìn èébu rere kiri lára wọn láti ibì kan dé ibòmíràn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ọdẹ, tí wọ́n yára, tí wọ́n ń pa àwọn aràn tíntìntín jẹ, títí kan àwọn tó ń jẹ gbòǹgbò tòmátì àti ẹ̀wà yín. Alágbàṣe ni gbogbo wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nínú oko yín. Wọn kò béèrè owó lọ́wọ́ yín, wọn kò béèrè oúnjẹ ọ̀sán. Ewé tó já bọ́ ló tó wọn. Ewé yẹn gan-an ni ẹ wá ń sun.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni ẹjọ́ yín wà. Àwọn tí ẹ̀yìn wọn le yìí kì í yé ẹyin púpọ̀, wọn kì í sì í tètè dàgbà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn, kò sí akọ rárá, abo nìkan ló ń bí abo. Ẹ̀dá tó ń bímọ díẹ̀díẹ̀ báyìí, tí ẹ bá pa á lónìí, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀ ni yóò padà. Ọdún lẹ ó kà, ẹ ó sì kà á tì, tó bá jẹ́ pé lọ́dọọdún lẹ ń tún un pa. Àwọn tó ń tètè padà ni àwọn aláìbẹ̀rù tó fẹ́ràn ilẹ̀ tí wọ́n ti dà rú, àwọn yẹn kò sì lè ṣe iṣẹ́ àwọn tó kú. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ẹ ó bi mí pé báwo lẹ ṣe máa rí ohun tí ojú kò lè rí. Ọkùnrin ará Itálì kan, Antonio Berlese, ti yanjú ìyẹn ní Florence láti ọdún 1905. Albert Tullgren, ará Sweden, tún un ṣe ní 1918, títí di òní yìí ọ̀nà wọn làwọn onímọ̀ ṣì ń lò káàkiri ayé. Kò ná wọn lówó rẹpẹtẹ, kò sì ní ná yín. Ẹ wá ike omi ńlá kan, ẹ gé apá òkè rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kó di àrọ. Ẹ fi àwọ̀n ojú wíńdò ṣe ìtẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ewé jíjẹrà, ẹ rọra gbé e lé orí àwọ̀n náà, ẹ má gún un. Ẹ gbé ife tó ní ògógóró díẹ̀ sábẹ́ ẹnu àrọ. Ẹ wá tan gílóòbù sókè rẹ̀, irú gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná, kó súnmọ́ ilẹ̀ náà láì fọwọ́ kàn án. Bí ooru bá ti ń gbẹ ilẹ̀ láti òkè, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ yóò máa sá fún ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n yóò máa lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, títí wọn yóò fi já bọ́ sínú ògógóró. Ẹ fi sílẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún. Ẹ wá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ìdí ife náà.

Ẹ ṣe ti abẹ́ kòkó, ẹ ṣe ti oko tí ẹ fín, ẹ gbé ife méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi pé ilẹ̀ kan náà ni.

Ẹ wo bí ẹ ṣe mọ iye tí kẹ́míkà gálọ́ọ̀nù kan ń jẹ́ lọ́jà ju bí ẹ ṣe mọ ohun tó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ yín lọ. Ìtìjú ni fún àgbẹ̀.

Mo ní kí n fi ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn bá yín sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀ yìí, àwọn kan ti tọ̀ ọ́ ṣíwájú yín, wọ́n sì ń fi omijé padà. Gbogbo wa la mọ ọgbà àjàrà látinú Bíbélì, láti orí Nábọ́tì títí dé àwọn alágbàṣe tí olúwa ọgbà san owó dínárì kan-kan fún. Lóde òní, ilẹ̀ Faransé, Itálì àti Spain ni ọgbà àjàrà ti pọ̀ jù ní Yúróòpù. Ní nǹkan bí ọdún 1878, àrùn kan ti Amẹ́ríkà wọ ọgbà àjàrà Faransé, ó ń mú abẹ́ ewé hu èébu funfun, ewé ń já, èso kò lè gbó. Àwọn olóko ní agbègbè Médoc, lẹ́bàá Bordeaux, ní àṣà kan: wọ́n máa ń po bàbà pọ̀ mọ́ ẹfun, wọ́n á wọ́n ọn sórí àjàrà etí ọ̀nà kó lè ní àwọ̀ tó burú lójú, kí àwọn tó ń kọjá má bàa já a jẹ. Ààlè tiwọn nìyẹn. Ní 1882, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Pierre-Marie-Alexis Millardet ń kọjá níbẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé àwọn àjàrà etí ọ̀nà wọ̀nyí ṣì ní ewé lórí nígbà tí ti àárín oko ti wọ́. Ó lọ ṣe ìwádìí, ó gbé e jáde ní 1885, gbogbo ayé sì gbà á. Omi Bordeaux ni wọ́n ń pè é di òní.

N kò ní bú Millardet. Ó gba àjàrà là. Ṣùgbọ́n bàbà kì í jẹrà. Kẹ́míkà mìíràn lè bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan, bàbà kò níbi tó ń lọ. Èyí tí bàbá fín ní 1890 wà nílẹ̀ nígbà tí ọmọ ń fín ti 1930, tọmọ-tọmọ tún wá fín tirẹ̀ lé e lórí, gbogbo rẹ̀ sì kó jọ sí ojú ilẹ̀ níbi tí ẹ̀dá inú ilẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n yẹ ilẹ̀ oko káàkiri Yúróòpù wò, bàbà inú ilẹ̀ ọgbà àjàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ilẹ̀ tó kù lápapọ̀. Ibi tó bá ti pọ̀ kọjá ààlà, ekòló ń sá, eégbọn ilẹ̀ ń dín kù, ewé tó já kì í jẹrà mọ́, yóò kàn dùbúlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin láti ọdún 2019 pé àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ lo bàbà ju kílò 28 lọ sórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún méje.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àjàrà kò kàn yín. Omi Bordeaux yẹn kan náà ni wọ́n kó wá sí oko kòkó wa láti fi bá àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú jà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ṣe oko kòkó ní Oǹdó tàbí Ilé-Olújì yóò rántí àwọ̀ búlúù tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ oko àti mọ́ ara igi. Oríṣiríṣi kẹ́míkà tuntun ló ti dé lẹ́yìn rẹ̀, bàbà sì wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Àrùn náà kì í ṣe eré, ó lè kó ìdajì èso lọ lọ́dún tí òjò bá pọ̀, nítorí náà n kò sọ pé kí ẹ má fín. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tó ń po ìwọ̀n méjì síbi tí wọ́n ní kó po ẹyọ kan, tó ní kó lè tètè ṣiṣẹ́. Mo ń bá ẹni tí èso dúdú kún orí igi rẹ̀ wí, tí kò ká a sọnù, tí kò gé ẹ̀ka tó ṣú kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, tó jẹ́ pé táǹkì nìkan ló mọ̀. Àwọn onímọ̀ tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, ní Ibàdàn, ní ilé ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ti ń sọ ọ́ fún yín láti ọdún gbọ̀ọ́rọ̀: ká èso aláàrùn kúrò kó o tó fín. Ṣé ọwọ́ ni ẹ kò ní ni?

Mo padà sínú ọgbà àjàrà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti wò ó fínnífínní. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tú ilẹ̀ àárín poro lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Àwọn kan ń fi oògùn apakoríko pa ohun gbogbo tó bá hù nídìí àjàrà. Àwọn kan sì ń gbin koríko àti ẹ̀wà ilẹ̀ sáàárín poro, wọ́n á gé e, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó bo ilẹ̀. Ní 2001, ọ̀jọ̀gbọ́n Vittorio Parisi ní Parma, nílẹ̀ Itálì, gbé ọ̀nà kan jáde láti fún ilẹ̀ ní máàkì. Wọn kì í ka orí kòkòrò níbẹ̀. Wọ́n ń wo bí kòkòrò náà ṣe di ti inú ilẹ̀ tó: èyí tí kò ní ojú mọ́, tí awọ rẹ̀ ti funfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrú nítorí pé kò mọ ibòmíràn ju inú òkùnkùn lọ, ni yóò gba máàkì 20. Èyí tó kàn ń rìn kọjá lórí ilẹ̀ yóò gba 1. Eégbọn ilẹ̀ máa ń gba 20. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní ibòmíràn tó lè sá lọ ni kẹ́míkà àti ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń pa, torí náà òun ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù pé ilẹ̀ ṣì ń mí.

Kí ni àwọn tó fi ọ̀nà yìí yẹ ọgbà àjàrà wò rí? Ohun tí wọ́n ń rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ilẹ̀ tí wọ́n bò ń gba máàkì ju ilẹ̀ tí wọ́n tú lọ. Títú ilẹ̀ ń fọ́ ilé àwọn tí ẹ̀yìn wọn le, ó ń gbé wọn síta fún oòrùn. Oògùn apakoríko kì í sábà pa eégbọn ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìhòòhò tó ń fi ilẹ̀ sí ló ń pa wọ́n: kò sí òjìji, kò sí ewé, kò sí gbòǹgbò, kò sí èébu, ebi dé.

Ẹ̀yin tó ń pariwo pé kẹ́míkà òyìnbó kò wọ oko yín, ẹ̀yin náà ẹ jókòó, mo ní ọ̀rọ̀ fún yín. Nínú ọgbà àjàrà wọ̀nyẹn, ẹni tó ní òun ń ṣe oko láìlo kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ ṣì lè máa fín bàbà, nítorí òfin gbà á láyè, ó sì lè máa tú ilẹ̀ lemọ́lemọ́ nítorí kò lè fi oògùn pa koríko. Ilẹ̀ rẹ̀ lè má sàn ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ. Àkọlé tó wà lára ìgò wáìnì kò bo ilẹ̀. Bákan náà ni nílé: ẹ ń ta ẹ̀fọ́ ní ìlọ́po owó pé kò ní kẹ́míkà, ẹ sì ń gbá ewé kúrò lórí ebè, ẹ ń sun ún létí oko. Ṣé ẹ̀yin náà yàtọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n wá kojú sí iná. Mo mọ ìdí tí àwọn bàbá wa fi ń jó oko. Wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n ń jó o, eérú yẹn ń fún iṣu lókun, wọ́n á dá oko náà fún ọdún méjì, mẹ́ta, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó padà di igbó. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn alágbàṣe mi ń padà wálé láti inú igbó tó yí i ká. Ẹ̀yin mú iná inú àṣà yẹn, ẹ ju ìsinmi rẹ̀ nù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lẹ ń jó ilẹ̀ kan náà, igbó tí ì bá fi àwọn ẹ̀dá yìí ránṣẹ́ padà sì ti tán. Ọ̀pọ̀ eégbọn ilẹ̀ kò jìn sísàlẹ̀ ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan lọ. Ibẹ̀ gan-an ni iná yín ń sùn sí. Lẹ́yìn iná, oòrùn Ẹẹ́rẹ̀nà tẹ̀lé e, ilẹ̀ ìhòòhò lè gbóná kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius lọ́sàn-án. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá dé, kò rí ohun tó máa gbá a mú, yóò gbá ojú ilẹ̀ lọ sínú odò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gbàrá yìí kì í ṣe àhesọ. Rattan Lal, ọmọ Íńdíà, wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ibàdàn láti ọdún 1970 títí di 1987. Níbẹ̀, lórí ilẹ̀ wa, ló ti fi hàn pé oko tí a fi ẹ̀rọ tú, tí a fi sílẹ̀ láìbò, ń pàdánù ilẹ̀ rẹpẹtẹ sí ọ̀gbàrá, ṣùgbọ́n èyí tí a kò tú, tí a fi koríko àti pòròpórò bò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan. Ní 2020 ni wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Ayé gbé e sókè fún iṣẹ́ tó ti Ibàdàn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àgbẹ̀ tó wà ní Mọ́níyà, lẹ́yìn ògiri ibẹ̀, ṣì ń sun pòròpórò. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa kò lè bọ́ nínú ẹjọ́ yìí. Katakata ni wọ́n máa ń rà, katakata ni wọ́n ń tò sójú pápá kí gómìnà wá ya fọ́tò níwájú rẹ̀, èmi kò sì tíì rí gómìnà tó ya fọ́tò pẹ̀lú òkìtì ewé. Wọ́n jẹ́ kí àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ tó ń lọ láti abúlé dé abúlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, ẹni tó ń ta kẹ́míkà lẹ́bàá títì sì di olùkọ́.

Olùkọ́ wo nìyẹn? Ẹni tó ń rọ kẹ́míkà láti gálọ́ọ̀nù sínú ike Lacasera tí kò ní àkọlé, tó ń sọ pé èyí lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àjọ NAFDAC ti fòfin de oògùn apakoríko paraquat láti oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n ní atrazine náà gbọ́dọ̀ kúrò láti oṣù kìíní 2025. Ẹ̀yin tó ń tà á lábẹ́lẹ̀, ẹ̀yin tó ń béèrè fún un, ojú ń rí yín. Àwa tí a rántí kẹ́míkà Gamalin nígbà tí àwọn kan ń dà á sódò láti fi pa ẹja, a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń já sí. Ẹni tó bá fi májèlé pa ẹja jẹ, ara rẹ̀ ló ń fún lóúnjẹ yẹn.

Bí ẹnì kan bá ní ìbátan eégbọn kò lè wúlò fún àgbẹ̀, ẹ ní kó lọ béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Eégbọn aláwọ̀ ewé kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní Uganda ní 1971, kò pẹ́ tó fi tàn dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà, ó ń fa omi ewé mu, ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ń rọ. Kẹ́míkà kò lè yanjú rẹ̀, ta ló lówó tó láti fín gbogbo ẹ̀gẹ́ Áfíríkà? Àwọn onímọ̀ IITA lọ sí Brazil, wọ́n rí eégbọn mìíràn tó ń pa èyí jẹ, Typhlodromalus aripo lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, wọ́n sì tú u sílẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ní 1993. Kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Inú ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ló ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, òru ló ń sọ̀kalẹ̀ wá dọdẹ lára ewé. Ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà, láìgba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kankan. Ẹni tó bá ń fín oògùn apakòkòrò sórí ẹ̀gẹ́ lóde òní, ọdẹ yìí ló kọ́kọ́ ń pa.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó nìkan ló mọ̀ nípa wọn. Adétọ́lá Bádéjọ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo eégbọn inú ilẹ̀ wa. Ní 1995, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tí oríṣiríṣi ewé tí a fi bo ilẹ̀ àgbàdo ń ṣe sí àwọn ẹ̀dá kéékèèké yìí. Ilé la ti ṣe é. Mélòó nínú ẹ̀yin tó ní dìgírì nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn ló ti kà á? Ẹ kà á. Ẹ sì wá fi èdè Yorùbá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí kò lè kà á, nítorí ìdí tí òbí yín fi ta ilẹ̀ rán yín níwèé nìyẹn.

Àwọn ìyá wa kò ní dìgírì, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀gúsí ni wọ́n máa ń gbìn sáàárín àgbàdo àti iṣu, ìtàkùn rẹ̀ á bo ilẹ̀ pátápátá, koríko kò ní ráyè hù, ilẹ̀ á tutù. Ní gúúsù Benin, nígbà tí ẹ̀kan fẹ́ gba oko lọ́wọ́ àwọn èèyàn, irú wèrèpè kan tí irun rẹ̀ kì í yúnni ni wọ́n gbìn lé e lórí títí ẹ̀kan fi kú sábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì dúdú padà. Kò sí èyí tó ga ju agbára yín lọ nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹ gbin ohun tó ń nà sáàárín ohun tó ń ga. Ẹ gé koríko, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó ṣubú sí. Ẹ jẹ́ kí pòròpórò àgbàdo dùbúlẹ̀. Ẹ fi igbó díẹ̀ sílẹ̀ létí oko, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n ilé kan péré, kí àwọn alágbàṣe mi ní ibi tí wọn yóò ti máa padà wọlé. Bí ó bá di dandan kí ẹ fín nǹkan kan, ẹ ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ibi tí àrùn wà ni kí ẹ fín in sí.

Ìwọ ọmọ mi tó wà nílẹ̀ òkèèrè, pe ẹni tó ń bójú tó oko rẹ lálẹ́ òní. Sọ fún un pé o kò fẹ́ fọ́tò ilẹ̀ pupa mọ́. Ní kó lọ ṣí ewé lábẹ́ igi kan nínú oko náà, kó ya ohun tó bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, tí kò bá sì sí ewé níbẹ̀ láti ṣí, owó tó o fẹ́ fi ra kẹ́míkà ọdún yìí, fi ra irúgbìn ẹ̀gúsí.